Àwọn Ẹranko Tó Dúró De Yìnyín

Àwọn tó máa ń bi mí bí mo ṣe kúrò nílé, irú ìwé tí mo gbà, iye ọkọ̀ tí mo wọ̀ àti ẹni tó bá mi ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ìyẹn rárá. Inú ẹnu ẹranko kan ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹranko tó ti kú tipẹ́tipẹ́ kí èèyàn kankan tó dáyé.

Ẹranko gìrìwò ni. Ká ní Ayépé ló dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ì bá ga ju òrùlé lọ. Ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọjú wo inú lọ́hùn-ún, eyín tò jọ síbẹ̀ bí ọmọ àgbàdo ṣe ń tò sára kùùkù, ìlà lórí ìlà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, wọ́n fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì kan tó rọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ, wọ́n ní kí n máa fi gbọn eruku kúrò lára eyín náà. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde, èmi ni mo wá ń fọ eyín fún ẹni tí kò lè ṣẹ́jú. Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hẹ́lẹ́nì, bi mí pé kí ló dé.

Mo ní, "Iṣẹ́ yìí wù mí, Mà. Gbogbo ọmọ tí mo ti kọ́ rí, kò sí èyí tó la ẹnu sílẹ̀ tó báyìí tí kò pariwo."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n yé pe òun ní Mà, pé Hẹ́lẹ́nì ni kí n máa pe òun. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Mà."

Ìlú kékeré kan ni, ní apá ìwọ̀-oòrùn Kánádà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lọ títí tó fi rẹ ojú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ibi iṣẹ́ wa. Wọ́n kó egungun àwọn ẹranko ńlá ayé àtijọ́ síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní dáínósọ̀. Mo wádìí bóyá ọmọ Yorùbá kankan wà nítòsí. Wọ́n ní ọ̀kan ti wà rí, ó ṣiṣẹ́ nílé epo fún oṣù mẹ́rin, nígbà tó di ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ já, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní oṣù kẹrin, tí yìnyín ṣì bo ilẹ̀. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sílé. Ẹ mọ bí a ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù, kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mo ti ríṣẹ́, pé egungun ni mò ń nù láràárọ̀. Ìyàwó àbúrò mi ló kà á sétí ìyá mi. Ìyá mi rèé, ìyá ìjọ ni l'Áyépé, orí ìjókòó kan náà ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún.

"Tíṣà," ni ìyá mi wí. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn bí mo bá ti ṣẹ̀ ẹ́. "Mo ní kí n bi ọ́ ni. Ṣé kò síṣẹ́ mìíràn nílùú òyìnbó?"

"Iṣẹ́ wo, Màámi?"

"Iṣẹ́ egúngún."

"Màámi, egungun ni mo kọ."

"Ohun tí wọ́n kà fún mi náà nìyẹn. Wọ́n ní ò ń nu egúngún. Ìwọ, obìnrin. Bí Agẹmọ bá ń kọjá níbí, inú yàrá ni mo máa ń ti ẹ̀yin ọmọbìnrin mọ́, tí mo bo fèrèsé. O ti gbàgbé. O wá rékọjá òkun, o lọ ń bá wọn gbọn ẹ̀kú."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ní, "Ẹ gbọ́, Màámi, eegun ni. Eegun ara. Irú èyí tó ń wà nínú ẹran."

Mo gbọ́ tí adìyẹ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Eegun ẹran."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Wọn ò sì fi sebẹ̀."

"Ó ti di òkúta, Màámi."

Mo bá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, bí ẹranko náà ṣe ga tó, bó ṣe kú, bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe bò ó mọ́lẹ̀ fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún. Kò bá mi jiyàn lórí iye ọdún. Ìyá mi ń sin ewúrẹ́, ohun tó kàn án ló béèrè.

"Kí ni ẹran náà ń jẹ?"

"Ewé ni, Màámi. Ewé àti ẹ̀ka igi."

"Nínú yìnyín tó o ní ó ń bolẹ̀ níbẹ̀ yẹn? Ewé wo ló wá ń rí jẹ?"

Mo ní màá bi wọ́n.

Ohun tó ṣe mí jù ní oṣù àkọ́kọ́, mo lè sọ pé àìkíni ni. Nílé, kò sí ohun tí èèyàn ń ṣe tí a ò ní ìkíni fún. Ẹni tó jókòó ní tirẹ̀, ẹni tó ń nájà ní tirẹ̀, ẹni tó ń gerun ní tirẹ̀. Nílùú yìí, èèyàn á bá mi pàdé lójú ọ̀nà, á ní òtútù mú lónìí, á kọjá. Òótọ́ ni pé òtútù mú, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fà á, kò sì kí mi. Mo gbìyànjú láti ṣe ìkíni fúnra mi. Bí mo bá rí ẹni tó ń kó yìnyín, màá sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ kú yìnyín o." Ó ń ṣe mí bíi pé mò ń parí ohun kan tó yẹ kí àwọn baba wa ti ṣe ká ní wọ́n mọ ibẹ̀.

Níbi iṣẹ́, kí àlejò tó dé láàárọ̀, mo máa ń kí àwọn egungun náà. Ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ, "Ẹ kú ìdúró o, Mà." Oníwo mẹ́ta, "Ẹ kú ìdúró o, Sà." Mi ò mọ akọ tàbí abo, ojú ni mo fi pín wọn. Àwọn ẹran yẹn nìkan ló gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yàtọ̀ sí ìyá mi. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ti dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí à ń kí kú ìdúró, ta ló wá yẹ?

Bí oṣù kẹsàn-án ti ń parí lọ, tí ewé orí igi pọ́n tó sì ń já bọ́, Hẹ́lẹ́nì pè mí sínú yàrá rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.

Ó ní, "O mọ̀ pé àlejò kì í pọ̀ lásìkò òtútù. Iṣẹ́ gbogbo ẹni tó ń nu ilé máa parí ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo la máa dá dúró, ẹni tó lè nu ilé, tó sì lè mú àlejò kiri kó bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ta ni onítọ̀hún, Mà?"

"A ò tíì mọ̀. Ẹni méjì ti béèrè. Mo ti ṣàkíyèsí pé ìwọ náà máa ń bá egungun sọ̀rọ̀."

Ojú tì mí. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi.

Ó ní, "Ìbéèrè kan wà tí àwọn àlejò máa ń bi wá bí yìnyín bá ti dé. Àwọn ẹranko tó ń jẹ ewé yìí, ṣé wọ́n máa ń ṣí lọ síbi tó móoru ni, àbí wọ́n máa ń dúró? Wá dáhùn rẹ̀ níwájú èmi àti ọmọ ìgbìmọ̀ méjì. Nígbà wo lo lè múra tán?"

Mo ro ó lọ́kàn mi ní Yorùbá. Ọjọ́ mẹ́jọ òní á dára, ọjọ́ Ìṣẹ́gun mìíràn nìyẹn. Mo wá sọ ọ́ lédè wọn pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí n kò bá rí iṣẹ́ yẹn, ìlú ńlá kan wà ní gúúsù, wákàtí mẹ́rin ni nínú bọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Ìbefun ti ní kí n máa bọ̀, pé iṣẹ́ àtigbé páálí wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan, òru ni wọ́n ń ṣe é. "A pọ̀ níbí," ló máa ń sọ. "Kí lò ń fi òkú ẹran ṣe?" Ó fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣí kúrò láàárín ọdún méjì. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún báàgì dì kí èèyàn tó mọ orúkọ àdúgbò. Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn yá sí ìrìn, wọ́n dé ìlú tuntun, ara wọn á yá. Èmi kì í ṣe irú wọn. Mo fẹ́ mọ ilé tí ajá rẹ̀ máa ń gbó àti èyí tí tirẹ̀ kì í gbó. Mo fẹ́ rí igi kan kó wọ́wé, kí n tún rí i nígbà tó bá rúwé. Ẹni tó bá ń lọ ní gbogbo ìgbà kò lè rí èkejì yẹn.

Mo bá kọjú sí ìwé. Ọkùnrin onímọ̀ kan wà níbi iṣẹ́ wa tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè nípa eyín, ẹ ò ní lè dá a dúró. Òun ló là mí lọ́yẹ. Ó ní láyé ìgbà náà, ayé móoru ju ti ìsinsìnyí lọ, ṣùgbọ́n ní àríwá pátápátá, òkùnkùn máa ń ṣú fún oṣù mélòó kan lọ́dún, igi á wọ́wé, yìnyín á já. Àwọn onímọ̀ kan ní àwọn ajewé máa ń kó ara wọn jọ, wọ́n á máa rìn lọ sí gúúsù. Àwọn mìíràn ní rárá. Wọ́n ti rí egungun àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ní àríwá yẹn gan-an, wọ́n kéré débi pé wọn ò lè bá ìyá wọn rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kí òkùnkùn tó dé. Ìlà tún máa ń wà nínú egungun, bí èyí tó ń wà nínú ìtì igi, níbi tí ara ti dáwọ́ dúró tí kò dàgbà, nítorí ìyà. Omi tí ẹranko mu náà máa ń fi nǹkan sílẹ̀ nínú eyín rẹ̀, tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá odò kan ló ń mu ni àbí odò púpọ̀.

Mo ní, "Nínú méjèèjì, èwo ló wá jẹ́ òtítọ́?"

Ó gbé èjìká sókè. "A ṣì ń wá a."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo pe ìyá mi. Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí koríko gbẹ, kí ni àwọn ewúrẹ́ yín máa ń jẹ?"

"Ohun tí wọ́n bá rí ni. Èèpo ẹ̀gẹ́. Ewé gbígbẹ. Wọ́n á bó igi jẹ. Èyí tó dúdú yẹn jẹ ìwé orin mi lọ́dún tó kọjá."

"Ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Orin kẹtàlá títí dé ogójì. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ọ̀kan nínú wọn báyìí, orí ni mo fi ń kọ ọ́."

"Wọn kì í wá lọ síbòmíràn, níbi tí koríko wà?"

"Níbo? Ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, ṣé Ìmùṣin ló máa kó wọn rìn dé? Ìdí ilé ló máa dúró sí, á máa fojú wá nǹkan. Màlúù ló ń rìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn darandaran á kó wọn sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá, wọ́n á máa tọ etí omi. Òjò bá padà, àwọn náà á padà. Ẹsẹ̀ màlúù gùn." Ó tún ní, "Ìwọ ńkọ́, ẹsẹ̀ èwo ló wà lára tìẹ?"

"Ẹsẹ̀ ti ń ro mí, Màámi."

Ó ní ìgbà wo ni wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwọn. Ó ní òun máa gbààwẹ̀ títí dìgbà náà, kí n sì rí i pé n kò wọ ṣòkòtò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Mo wọ ìró àti bùbá àdìrẹ, mo wé gèlè, mo da kóòtù ńlá bò ó. Ilẹ̀ ti funfun. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin tó ń gba ìwé ìwọlé wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "O mà rẹwà lónìí. Ṣé kò síṣòro? Ọ̀la ni orúkọ rẹ wà níbí."

Mo ní, "Òní ni. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo sọ."

Ó mú kàlẹ́ńdà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́rú. Ibẹ̀ ni ara mi ti tutù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ò rí àṣìṣe kankan nínú ohun tí mo sọ fún Hẹ́lẹ́nì, àbí? Èmi náà ò rí i. Lọ́dọ̀ wa, òní wà nínú ìkà. Ẹni tó ná ọjà ọrọọrún lónìí ti mú òní ní ọ̀kan. Lójú tiwọn, òní ti lọ, ọ̀la ni ọ̀kan. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mo wá dé ìlú òyìnbó, mi ò mọ ọjọ́ kà mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tó lè dúró níwájú egungun kó ka iye òtútù tó wà nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ tí mò ń ronú bí mo ṣe máa yọ́ padà sílé ni bọ́ọ̀sì kan dúró níta. Àwọn àgbàlagbà bíi mẹ́rìnlá sọ̀ kalẹ̀, láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ìlú kejì. Fóònù ọmọbìnrin náà dún. Ọkùnrin tó yẹ kó mú wọn kiri ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ti yọ̀ wọnú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì, nǹkan ò ṣe é, ṣùgbọ́n kò lè dé.

Ọmọbìnrin náà wo àwọn arúgbó, ó wo gèlè mi. "Ohun tó o fẹ́ sọ lọ́la yẹn, ṣé o ti mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Hẹ́lẹ́nì ò sí níbí o."

"Mo gbọ́."

Mo bọ́ kóòtù sílẹ̀. Mo rìn lọ bá àwọn àgbàlagbà náà, mo rí orí funfun mẹ́rìnlá níwájú mi, kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Ìyá kan figbe ta pé mo ti ṣubú. Àwọn méjì sáré gbá mi lápá mú. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn níbi tí mo ti wá. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá tó figbe ta náà ní, "Mi ò rí i dáadáa. Tún un ṣe." Mo tún un ṣe.

Mo mú wọn dé iwájú ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ, mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ débì kankan tí bàbá kan fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ó dé fìlà onígbòòrò, ó ní ogójì ọdún ni òun fi sin màlúù.

Ó ní, "Ẹran tó tóbi báyìí kò lè dúró nínú òtútù. Ebi á pa á. Ó lọ ni."

"Àwọn onímọ̀ kan gbà pẹ̀lú yín, Sà."

"Gbogbo wọn ló yẹ kó gbà."

"Ṣé màlúù tiyín máa ń lọ, Sà?"

"Tèmi? Koríko gbígbẹ ni mo máa ń kó fún wọn."

"Ta ló wá kó o fún eléyìí?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kó o fún un. Ó lọ."

Mo wá sọ ti egungun àwọn ọmọ kéékèèké fún wọn. Mo fi ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe kéré tó. Mo ní, "Ìyá mi ń sin ewúrẹ́. Ó ní ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í rìnrìn àjò, ìdí ilé ló máa wà, ohun tó bá rí ló máa jẹ." Mo sọ ti ìwé orin. Bàbá náà fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè pa á mọ́. Ó ní ewúrẹ́ jẹ ìwé ọkọ̀ òun rí, ọlọ́pàá kò gbà.

Mo ní, "Wọ́n ti rí igi jíjẹrà nínú ìgbẹ́ irú àwọn ẹran wọ̀nyí, ìgbẹ́ tó ti di òkúta. Ẹni tó ń jẹ igi jíjẹrà, ó lè dúró fara dà á. Ṣùgbọ́n mo tún mọ màlúù tó ń tẹ̀ lé omi, wọ́n ń kọjá lẹ́yìn ilé wa. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé irú ẹran kan lọ, irú kan dúró. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n rìn díẹ̀, wọn ò rìn jìnnà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n tán, ẹ bi í pé ta ló rí wọn."

Bàbá náà tẹjú mọ́ mi. "Ìwọ náà, níbo lo ti wá?"

"Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, Sà, ní Nàìjíríà."

"Ṣé òtútù wà níbẹ̀?"

"Ọyẹ́ wà. Ó máa ń bẹ́ èèyàn létè, oòrùn á sì ran lọ́sàn-án."

"Nítorí náà, gbogbo ẹranko tó lọ́gbọ́n á gba ibí sá lọ síbi oòrùn. Ìwọ nìkan lo wá gbà á ní òdìkejì."

Ẹ̀rín sọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá egungun mi lẹ́yìn ọ̀la, Sà, wọ́n á mọ ìdí rẹ̀."

Nígbà tí mo gbójú sókè, Hẹ́lẹ́nì ló dúró lẹ́yìn wọn, yìnyín ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó wọlé. Ó jẹ́ kí n mú wọn yí gbogbo ilé po tán, kó tó sún mọ́ mi.

"Ọ̀la ni mo pè ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo ka òní mọ́ ọn."

Mo ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń kà á. Mo rò pé ó máa bínú. Ó rò ó, ó ní, "Ó ti yé mi. Lọ́dọ̀ yín, ọjọ́ tí èèyàn dúró sínú rẹ̀ náà jẹ́ ọjọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Àwọn ìgbìmọ̀ ò tíì gbọ́ ọ. Tún wá lọ́la."

Mo tún wá. Èmi nìkan kọ́ ló wá. Bàbá tó sin màlúù yẹn ti jókòó sí ọwọ́ ẹ̀yìn nígbà tí mo dé, ó ti sanwó ìwọlé, ó ní òun ò tíì gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá mi lẹ́nu dúró níwájú ìgbìmọ̀. Nígbà tí mo parí, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, tí àlejò bá bi mí ní ohun tí n kò mọ̀ ńkọ́? Kí n tó dáhùn, bàbá náà ní, "Ó máa sọ fún un pé òun ò mọ̀ ọ́n. Láti àná ni mo ti ń bá a fà á, kò tíì purọ́ fún mi."

Wọ́n ní kí n lọ dúró níta. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwo mẹ́ta. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Hẹ́lẹ́nì jáde, ó ní, "O máa wà pẹ̀lú wa títí ewé á fi rú." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà," orúnkún mi tún kanlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó gbá mi mú.

Mo pe ìyá mi. Mo sọ fún un pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gbààwẹ̀ sí, òyìnbó ní ọjọ́rú ló yẹ kó jẹ́. Ó ní àwọn òyìnbó ni kí n sọ ìyẹn fún, pé òun gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tó pé.

Oṣù kejìlá ni mo gba yàrá méjì ní ojú pópó kan tó wà lẹ́yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, yìnyín já láti àárọ̀, ó bo àtẹ̀gùn mọ́lẹ̀. Mo mú ṣọ́bìrì, mo gbé fóònù sórí fèrèsé kí n lè máa bá ìyá mi sọ̀rọ̀ bí mo ti ń ṣiṣẹ́.

"Kí lò ń ṣe tó ń dún gbàrà gbàrà bẹ́ẹ̀ yẹn?" ni ó wí. "Ṣé oko lò ń ro ni?"

"Yìnyín ni, Màámi. Mò ń kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé mi."

Mo tún bu ṣọ́bìrì kan dànù.

"Ẹnu ọ̀nà ilé ta?"

Ìgbà yẹn ni èmi náà gbọ́ ohun tí mo sọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kó o padà sẹ́nu, mi ò sì mọ̀ bóyá mo fẹ́ kó o padà. Mo di ṣọ́bìrì mú, èéfín ń jáde lẹ́nu mi.

"Ilé mi, Màámi."

"Hẹn-ẹn," ni ó wí. "Kó o dáadáa, kó kúrò pátápátá. Kí àlejò tó bá ń bọ̀ má baà yọ̀ ṣubú."